Iná Fìríìjì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Rẹ̀ Sílẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ro iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ ìlera ìjọba dára láti yàn. N kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn bóyá wọ́n lè dúró níwájú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí wọ́n sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é." Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ìmọ̀ nìkan kò tó nínú iṣẹ́ wa. Mo ní ìmọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo sì fi ìmọ̀ ọ̀hún ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1976, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀, ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Owó oṣù wá, mo gbà á, ó tó mi jẹun. Kò sí ohun tó tún yẹ kí n sọ nípa ìyẹn.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ ni Ọ̀gá Arówólò, tó ń bójú tó oògùn àjẹsára fún Ọ̀wọ̀ àti gbogbo apá Ìdóàní, Ìdógùn àti Ìmẹ̀rí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ ìjọ Àǹgílíkà, kì í gbé ohùn sókè. Mo rò pé wọ́n máa fún mi ní tábìlì. Ìkòkò ló gbé fún mi, ó ní kí n máa se sírínjì. Lásìkò yẹn, gíláàsì ni sírínjì wa. Bí a bá fi gún ọmọ tán, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó tún lò ó.

"Káyọ̀dé, ìwé tí o kà, ṣé ó kọ́ ọ bí omi ṣe ń hó?"

"Ó kọ́ mi, sà."

"Ó dáa. Jókòó tì í, kí ìwọ náà fi ojú ara rẹ rí i."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Ogún ìṣẹ́jú ni omi gbọ́dọ̀ fi hó. Lọ́jọ́ kan, àwọn ìyá ti pọ̀ níta, oòrùn ti ń mú, mo sì kó sírínjì jáde nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀gá wo aago ara ògiri. Kò bá mi wí. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ìkòkò, ó bu omi tuntun lé e, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

"Jẹ́ kí wọ́n pòṣé," ó ní. "Wọ́n máa gbàgbé kí wọ́n tó délé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá yọ oówo níbi tí a ti gún un, òun ni kò ní gbàgbé."

Ohun kejì tó kọ́ mi ni pé a kì í fi nǹkan ìlú ṣòfò. Bí òwú bá ṣẹ́ kù, ó máa ká a sínú agolo. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń da omi nù kò mọ ìrìn tí ẹni tó pọn ọ́n rìn. Mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn. Mo ṣì gbà á gbọ́ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni àṣìṣe mi ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fìríìjì tí a ń lò. Kò sí iná mànàmáná ní ọ̀pọ̀ ìlú tí a ń dé, nítorí náà fìríìjì tó ń jó kẹrosíìnì ni ìjọba fi síbẹ̀. Ó ní agolo epo nísàlẹ̀, òwú, àti iná kékeré bíi ti àtùpà. Ooru iná yẹn ló ń mú kí inú rẹ̀ tutù. Àwọn ará oko máa ń fi wá rẹ́rìn-ín pé ẹ̀yin ni ẹ ń fi iná ṣe yìnyín. Oògùn àjẹsára ẹ̀yi, àrùn tó ń mú kí ara ọmọdé gbóná kí ó sì sú, tó ń mú ojú wọn pọ́n, kò fẹ́ ooru rárá. Bí ooru bá bà á, ó kú nìyẹn. Kò ní yí àwọ̀, kò ní rùn. Lónìí, àmì kan wà lára ìgò tó ń ṣókùnkùn bí ooru bá pọ̀ jù, ọmọ iléèwé lè wò ó kí ó sì mọ̀. Nígbà tiwa, òkú oògùn àti ààyè oògùn jọ ara wọn bí ìbejì.

Nígbà tí mo ti lo bí ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, kẹrosíìnì wọ́n. Agolo tí a ń pín fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kò tó mọ́. Mo jókòó, mo rò ó. Ọjọ́ ọjà nìkan ni a ń gún abẹ́rẹ́, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn ìyá ń wọ̀lú. Ọjà ọrọọrún ni, ọjọ́ mẹ́ta sì wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Mo bi ara mi pé, kí ni iná ńlá ń ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fìríìjì? Ṣebí omi inú àmù máa ń tutù títí di ọ̀sán, bí a ò bá ṣí i?

Mo dán an wò kí n tó sọ ọ́. N kò fẹ́ sọ ohun tí n kò rí. Mo rẹ iná fìríìjì ọ́fíìsì wa ní Ọ̀wọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ka tẹmọ́mítà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó tutù dáadáa. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tutù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé e fún Ọ̀gá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó mọ́gbọ́n dání," ó ní. "Ibì kan ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ná."

Ibi tí a yàn ni ìlú kékeré kan lọ́nà Ìdógùn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láàyè. Sista Ìbídùn ló ń bójú tó ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ó jù mí lọ, ó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nítorí pé ìwé ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, Ọ̀gá Bírò ló ń pè mí. Mo kọ̀wé sí i pé kí ó rẹ iná sílẹ̀ bí ọjà bá ti tú, kí ó gbé e sókè ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, láìyẹsẹ̀. Láàárín oṣù bíi mélòó kan, agolo tí ó ń jó fún oṣù kan bẹ̀rẹ̀ sí í tó o fún oṣù méjì. Àwọn ọ̀gá ní Àkúrẹ́ gbọ́. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ ránṣẹ́ dáadáa, kí gbogbo ibi tó ń lo irú fìríìjì bẹ́ẹ̀ lè máa ṣe é. Inú mi dùn. N kò ní purọ́.

Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, Sista fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ kan sí wa pé ẹ̀yi ti wọ̀lú, àti pé àwọn ọmọ tó ń ṣe ti gba abẹ́rẹ́.

Mo gun alùpùpù lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ilé tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni ilé Ìyá Dáre, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́ àti ata lọ́jà. Dáre, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lórí ẹní. Ara rẹ̀ ti sú láti bí ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Ìyá rẹ̀ fa káàdì rẹ̀ yọ láti inú Bíbélì. Mo wò ó. Ó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yi ní oṣù kan sẹ́yìn.

Mo sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni oògùn máa ń ràn. Òótọ́ ni. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń rìn tàgétàgé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Àbúrò rẹ̀ nìyẹn," Ìyá Dáre ní. "Tọ́pẹ́. Ìmẹ̀rí ló wà lọ́dọ̀ ìyá mi, mo gbé e lọ síbẹ̀ kí ó lè gbàgbé ọmú. Àná ni wọ́n gbé e dé. Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ òun títí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi yá, mo ní rárá o, ṣebí òun náà ti gba abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gún àwọn méjèèjì." Ó wá wò mí. "Àbí kò dáa bẹ́ẹ̀, Dókítà?"

N kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa," mo ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ó ti gbà á."

Mo wọ ilé kejì. Wọ́n mú káàdì jáde. Mo wọ ilé kẹta. Káàdì wà níbẹ̀ náà. Ọmọ kan lè wà tí oògùn kò ràn, méjì pàápàá lè wà. Nígbà tí mo rí ìkarùn-ún, n kò béèrè káàdì mọ́. Mo gba ilé ìwòsàn lọ.

Sista Ìbídùn ń gbá iwájú ilé. "Ọ̀gá Bírò! Ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀ lónìí, ọjà ku ọ̀la."

Mo kí i, mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ fìríìjì. Iná náà kéré bí ojú ológìnní.

"Sista, kí ló dé tí iná yìí kéré báyìí?"

Ó wò mí bóyá mo ń ṣàwàdà. "Kí ló dé kẹ̀? Ṣé ẹ ti gbàgbé ìwé yín ni? Ìrọ̀lẹ́ òní ni mo máa gbé e sókè."

Mo ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. N kò nílò tẹmọ́mítà, ṣùgbọ́n mo wò ó. Ó ti kọjá ilà pupa tí a fi sí i, ó kọjá rẹ̀ dáadáa. Yàrá náà kò ní àjà, páànù lásán ló bò ó, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn sì ń jó o láti òkè. Ìgbà tí mo dán tèmi wò ní Ọ̀wọ̀, ọyẹ́ ni. Kàǹga pàápàá ń tutù nígbà yẹn. Mo ti mú ìmọ̀ ọyẹ́ wá sínú ẹ̀ẹ̀rùn, n kò sì bi ara mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa ń ka tẹmọ́mítà?"

"Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ẹ wò ó." Ó na ìwé sí mi. Gbogbo rẹ̀ dára. Ìwé náà kò parọ́. Ọjọ́ tí a ní kí ó sọ̀rọ̀ nìkan ló sọ, a kò ní kí ó sọ ti ọjọ́ mẹ́ta yòókù.

Sista ti ń wo ojú mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo ṣe é fún àwọn ọmọ yẹn."

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Èmi ni."

Mo rántí Tọ́pẹ́. Bí ọmọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yi, tí a bá gún un ní ààyè oògùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó bọ́. Àná ló dé. Ọ̀la ló parí. Ààyè oògùn kò sì sí níbí, Ọ̀wọ̀ ló wà.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, Ọ̀gá Arówólò ń múra àtilọ sílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Sista nìkan, sà."

"Ìwé tí wọ́n ní kí a kọ ránṣẹ́ ti lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀. Orúkọ rẹ ló wà lókè, tèmi ló wà nísàlẹ̀." Ó jókòó. "Kí lo fẹ́ ṣe lọ́la?"

"Kí n sọ fún wọn, kí a tún gbogbo ọmọ gún."

"Sọ fún wọn báwo? Kí o dìde láàárín ọjà kí o ní abẹ́rẹ́ ìjọba ti kú? Ọdún mélòó ni a fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbé ọmọ wá? Bí wọn ò bá wá mọ́, ọmọ mélòó ni ìyẹn máa pa?"

Ó ṣeé ṣe kí ó jàre. Títí di òní, n kò lè sọ pé kò jàre.

"Ní kí wọ́n wá gba èkejì," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ní ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn kan náà, ọmọ kan náà. Ta ni ìyẹn ṣe níkà?"

"Sà, mo sọ fún ìyá kan lónìí pé kí ó fọkàn balẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń sùn ti aláìsàn báyìí nítorí ó gbà wá gbọ́."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn, ó jù ú sí mi. "Kó ohun tí o bá nílò. Sísọ tàbí àìsọ, ọwọ́ rẹ ló wà. Èmi ń lọ sí Àkúrẹ́ ní ìdájí lọ gba ìwé yẹn padà kí wọ́n tó pín in."

Mo kó oògùn sínú àpótí, mo to yìnyín yí i ká. Ní àárọ̀, ọkọ̀ ọ́fíìsì gbé mi lọ. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ Ọ̀gá sórí ìwọ̀n. Irọ́ tí yóò gba ọmọ là, òótọ́ tí ó lè lé ìyá sá. N kò tíì mọ èyí tí mo máa sọ nígbà tí a dé.

Ọjà ti kún. Sista ti kó àwọn ìyá jọ sábẹ́ igi ọdán tó wà níwájú ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n tún gbé ọmọ wá. Wọn ò fẹ́.

"Ẹ ti gún wọn tán, ẹ tún fẹ́ gún wọn," obìnrin kan ní. "Ṣé pákó lara ọmọ ni, tí ẹ kàn ń kan ìṣó mọ́ ọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti la ẹnu láti sọ pé ìjọba ló ní kí wọ́n gba èkejì, nígbà tí Ìyá Dáre yọ láti ẹ̀yìn wọn. Ó pọn Tọ́pẹ́. Kò sùn, ó hàn lójú rẹ̀.

"Dókítà, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀ lánàá," ó ní. "Bí ti àkọ́kọ́ bá dára, kí ni èyí wà fún?"

Mo gbé àpótí oògùn kalẹ̀.

"Ti àkọ́kọ́ ò dára, mà. Ooru ti pa á nínú fìríìjì kí a tó gún wọn. Bí ẹni fi omi gún wọn ni. Lánàá, n kò tíì mọ̀ nígbà tí mo bá yín sọ̀rọ̀."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ń pariwo pé wọ́n fi omi gún ọmọ wa o, ẹnì kan ń di ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń lọ. Sista bo ojú. Ìyá Dáre kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ sókè, àwọn tó sún mọ́ ọn sì dákẹ́.

"Ta ló jẹ́ kí ooru pa á?"

"Èmi ni. Èmi ni mo ní kí Sista máa rẹ iná sílẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Kí kẹrosíìnì má baà tán."

Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. "Kẹrosíìnì." Ó yíjú sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta á, níbi tí wọ́n to ìgò sí lórí tábìlì, kò ju ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tí a wà. "Ẹ ò bi wá? Ìgò kan, ìgò kan, ṣé a ò ní dá a? Nítorí ọmọ wa?"

Mo ti ka ọjọ́, mo ti ka agolo, mo ti ka tẹmọ́mítà. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá láti bi wọ́n.

Ó tú ọ̀já, ó gbé Tọ́pẹ́ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ gún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n fọkàn balẹ̀ mọ́."

Mo gún un. Ọmọ náà ké. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan wá, òmíràn tún wá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wá. Àwọn kan lọ lọ́jọ́ náà, wọn kò sì padà sí ilé ìwòsàn yẹn fún ọdún bíi mélòó kan, nítorí náà Ọ̀gá kò sọ asán. Àwọn tó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í dá kẹrosíìnì láti ọjà tó tẹ̀lé e. Iná náà kò tún kéré mọ́ títí wọ́n fi gbé mi kúrò ní agbègbè yẹn ní 1983, Sista sì ń ka tẹmọ́mítà lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá rí ìwé náà gbà padà kí ẹnikẹ́ni tó pín in. Kí ọdún tó yí po, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n fi í síbi tí kò ti ní ohun tó ń ṣe. Kò fi í bú mi lẹ́ẹ̀kan rí.

Dáre kú ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjà yẹn.

Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ́yìn náà, mo ń wo ara Tọ́pẹ́, ojú rẹ̀, àyà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí kò sú, Ìyá Dáre bi mí níwájú ìsọ̀ ata rẹ̀ bóyá ó ti bọ́.

"Ó ti bọ́, mà," mo ní. "Ṣùgbọ́n n kò lè fi dá yín lójú pé abẹ́rẹ́ kejì ló ṣe é. Ó lè jẹ́ òun ló ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ kò kú tán. Ó sì lè jẹ́ pé kò kó ẹ̀yi rárá."

Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó da ata sínú abọ́ oníbàárà, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Èmi ní ọmọ tí mo máa lọ fún lóúnjẹ," ó ní. "Ẹ̀yin, ẹ lọ máa wádìí iná yín."